Yàrá Tó Kọjú sí Ìsọjí

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kejì, 1999

Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. Èmi àti Àkẹ́bàjẹ́ la ó jọ ṣe iṣẹ́ náà — iṣẹ́ kan náà, lẹ́ẹ̀mejì, nínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní bí ẹni méjì bá ṣe nǹkan kan tí àbájáde rẹ̀ sì bára mu, ayé á gbà á gbọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni yóò gbé e lọ sí ìpàdé Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni náà ni yóò lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Poland ní oṣù kẹsàn-án, ọdún méjì gbáko, kò ní ná kọ́bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo. Ó wò mí, ó wò ó. Ojú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lára onítọ̀hún. Mo rí i.

Àkẹ́bàjẹ́ ni Raliat. N kò ní máa kọ orúkọ rẹ̀ síbí bí mo bá lè yẹra fún un. Ọdún tó kọjá ló dé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Òṣogbo yìí. Mo ti wà níbí tipẹ́ kó tó dé. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di eku mú. Lónìí eku kì í bù ú jẹ. Èmi, ìka mi méjì ló wà nínú báńdéèjì bí mo ṣe ń kọ èyí.

Tèmi niṣẹ́ yìí. Kí n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé mò ń pariwo lásán. Páńkíríásì: ẹ̀yà ara tó sùn sẹ́yìn ikùn, tó ń tú omi tó ń da oúnjẹ sínú ìfun. Bó bá wú, omi ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òun fúnra rẹ̀. Ohun tó pa Micah ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ní Iléṣà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ó di ikùn mú, ó ń yí gbiri lórí ẹní, gbogbo ará ilé ń sọ pé wọ́n fún un ní nǹkan jẹ ni. Àkẹ́bàjẹ́ ò mọ ẹnikẹ́ni tí àìsàn yìí pa. Ọ̀gá ló nawọ́ iṣẹ́ yìí sí i bí ẹni nawọ́ súìtì sí ọmọdé.

Oògùn tí a fẹ́ wò ni melatónìn. Ọ̀rẹ́ Ọ̀gá kan ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ìyẹ̀fun funfun nínú ìgò kékeré. Kì í ṣe àjèjì nínú ara. Ọpọlọ èèyàn ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, bí ọpọlọ eku náà ṣe ń ṣe, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ó dáwọ́ dúró. Àwọn òyìnbó ń gbé e mì kí wọ́n lè rí oorun sùn. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ báyìí pé kì í jẹ́ kí páńkíríásì wú. Ìyẹn la fẹ́ mọ̀. Ká ní a ti mọ̀ ọ́n nígbà ayé Micah.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kejì

Mo tètè dé lónìí, ṣáájú gbogbo wọn. Mo lọ wo yàrá méjèèjì.

Ti ẹ̀yìn ò ní fèrèsé, ihò atẹ́gùn lásán ló wà lókè ògiri, igi tíìkì sì bò ó. Òórùn eku á pọ̀ níbẹ̀. Ti iwájú ní fèrèsé ńlá méjì, atẹ́gùn ń fẹ́ wọ̀ ọ́ wìììì. Ṣùgbọ́n ó kọjú sí pápá àwọn Àpọ́sítélì. Mo sì ti rí pátákó wọn lẹ́bàá ọ̀nà: ìsọjí ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ìlù, agogo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Eku tí kò bá rí ìsinmi, iṣẹ́ rẹ̀ kì í gún.

Mo kó àgò tèmi lọ sí ẹ̀yìn.

Nígbà tí Àkẹ́bàjẹ́ dé, mo ní, Raliat, mo fi èyí tó ní fèrèsé sílẹ̀ fún ọ o, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ọ. Ó dúpẹ́ títí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní Àǹtí, ẹ ṣeun, ẹ máa ń ro tèmi mọ́ tiyín.

N kò rò pé mo burú. Ẹni tó bá tètè dé odò ló ń pọn omi tó tòrò.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kejì

A pín eku. Ìdajì tèmi á máa gba melatónìn ní ìrọ̀lẹ́, ìdajì á máa gba omi iyọ̀ lásán. Tirẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá yá, a ó gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú páńkíríásì wú, ká wá wo èwo ni yóò dojú bolẹ̀, èwo ni yóò là. Òfin Ọ̀gá: iná gbọ́dọ̀ wà ní yàrá méjèèjì lójú ọ̀sán, kó sì kú ní ìrọ̀lẹ́, lákòókò kan náà. Ti pé kó kú ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, NEPA ń bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wé ìborùn aláwọ̀ ewé tuntun. Ọ̀gá ní ó yẹ ẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n lọ wá ibọ̀wọ́ tó nípọn, kí eku má baà jẹ ìka mi tán.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kejì

Iléṣà. Mo lọ ìsìn, mo wá kọjá sọ́dọ̀ Màmá. Ó béèrè ohun tí mò ń ṣe ní Òṣogbo gan-an. Mo ní eku ni mò ń tọ́jú, Màmá. Ó ní, "Uṣẹ́ kí ni uṣẹ́ eku yìí, Susà? Èkúté ulé mi níbí ò tó ọ?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ọmọ Òṣogbo yẹn, èyí tó bá mi wá nígbà Kérésì, tó bá òun gé ilá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo mú Àkẹ́bàjẹ́ wá. Ẹ̀ẹ̀kan. Màmá ò gbàgbé bó ṣe gé ilá wẹ́wẹ́. Èmi tí mo ti ń gé ilá nínú ilé yẹn láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀bẹ dì mú, ta ló rántí tèmi?

Mo yà kí Micah ní ibojì. Mo sọ fún un pé mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù kejì

Ìsọjí ti gbóná. Ní yàrá ẹ̀yìn, mò ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ní ìlú Òṣú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń lùlù. Ní tiwájú, bíríkì ògiri fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ki orí bọ ibẹ̀ lọ́sàn-án, mo ní, ṣé kò sí wàhálà? Ó ní kò sí rárá, Àǹtí. Mo rìn padà, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù kejì

Kò tíì ráhùn. Kí ló dé tí kò ráhùn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kejì

Ọ̀gá wọ yàrá iwájú, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín. Ó wá sí tèmi, ó fọwọ́ di imú. "Susannah, òórùn yìí." Ó jáde. Kò béèrè eku kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kejì

Ìdìbò ààrẹ. Wọ́n ní kí ọkọ̀ kankan má rìn. Mo dìbò, mo fẹsẹ̀ rìn lọ bá eku mi. Àkẹ́bàjẹ́ ti rìn dé láti Òkè-Báálẹ̀ ṣáájú mi, ó sì ti fún eku tèmi náà lómi, ó ní òun ò mọ̀ bóyá màá lè wá.

Mo dúpẹ́. Nígbà tó kẹ̀yìn, mo da omi náà nù, mo pọn òmíràn. N kò mọ ohun tí mo rò pé ó lè fi sí i. Ojú tì mí lẹ́yìn náà. Díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹta

Òní la gún wọn ní abẹ́rẹ́ àìsàn. Ó ń gún tirẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Mo gún tèmi. Wọ́n tún gé mi jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹta

A gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Amílésì la fẹ́ wọ̀n, nǹkan tó máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ bí páńkíríásì bá wú. Ọ̀la la ó mọ̀. N kò jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù kẹta

N kò fẹ́ kọ ọ́. N ó kọ ọ́.

Tèmi. Àwọn tó gba melatónìn, ara wọn le. Àwọn tó gba omi iyọ̀ lásán, ara tiwọn náà le. Wọ́n wú díẹ̀, amílésì wọn gòkè díẹ̀, wọ́n sì ń jẹun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó ohun tí èèyàn ń gbé dìde nínú ìpàdé.

Tirẹ̀. Àwọn tó gba omi iyọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja, omi kún ikùn wọn, àwọn kan ti kú. Amílésì wọn ga débi pé a ní láti lú ẹ̀jẹ̀ náà lómi kí ẹ̀rọ tó lè kà á. Àwọn tó gba melatónìn nínú yàrá yẹn kan náà ń sáré kiri nínú àgò bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò gún wọn ní nǹkan kan.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. N kò rí i kó pàtẹ́wọ́ rí. Ó ní, "Raliat, o ti ṣe é." Ó wá bojú wo tèmi, ó ní bóyá ọwọ́ mi le lórí abẹ́rẹ́ ni. Ọwọ́ mi le. Ọwọ́ tí mo fi kọ́ ọ.

Mò ń jowú. Kó hàn gbangba lórí ìwé: mò ń jowú, ó sì ń ta mí lọ́kàn bí ata. Mò ń jowú ìka rẹ̀ tí kò ní egbò. Mò ń jowú ìborùn aláwọ̀ ewé. Mò ń jowú ilá tó gé. Èmi tí mo sin ẹ̀gbọ́n, òun ni yóò gun bàlúù lórí àìsàn tó pa ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn èèyàn á jókòó ní Ìbàdàn, òun á sì máa ṣàlàyé fún wọn bí páńkíríásì ṣe ń jẹ ara rẹ̀. Èmi ni mo rí i. Lórí ẹní Màmá ni mo ti rí i.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù kẹta

N kò lọ Iléṣà. Mo ránṣẹ́ pé ara mi ò yá. Ìsọjí parí lánàá, wọ́n ń tú àgọ́. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́, n kò sì rí oorun sùn.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹta

Irọ́ ni. Ó ní láti jẹ́ irọ́. Abẹ́rẹ́ kan náà, eku ìyá kan náà, ìyẹ̀fun láti inú ìgò kan náà, kí ti ọ̀dọ̀ mi wà bẹ́ẹ̀ kí tirẹ̀ wá wà báyẹn? Ó fi ọwọ́ kọ iye tó wù ú ni. N ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹta

Nígbà tó lọ kírun Àyìlá, mo wọ yàrá iwájú. Ẹ̀jẹ̀ eku rẹ̀ ṣì kù nínú fìríìjì. Mo bu díẹ̀díẹ̀, mo tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan.

Ó wọlé bá mi. Mo ti ń wá irọ́ tí n ó pa. Kò béèrè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá kí àwọn ọmọ mi?" Ó ṣí abọ́, ó bu mọ́ínmọ́ín fún mi, ìyá rẹ̀ ló sè é. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ìyẹn náà bí mi nínú.

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹta

Kí n kọ ọ́ jẹ́jẹ́.

A jọ ń fọ àgò lẹ́yìn ilé. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ìṣe rẹ̀, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fetí sí i. Ó ní òun kọsẹ̀ nínú yàrá òun ní ìrọ̀lẹ́ àná, òun ti gbàgbé pé àtùpà là ń gbé wọ ibẹ̀. Mo ní kí ló mú un gbàgbé. Ó ní iná ìsọjí ni. Àwọn iná ńlá tí wọ́n gbé kọ́ orí òpó, ó kọjú sí fèrèsé òun gan-an, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í sinmi títí ilẹ̀ á fi mọ́. "Mo lè ka Kùránì níbẹ̀ láìtan nǹkan kan, Àǹtí."

Mo ní ṣé ó sọ fún Ọ̀gá? Ó mi orí. Ó ní kí òun wá ní kí wọ́n pa iná ìsọjí? Òun, ọmọ Alùfáà Nùrẹ́nì? Wọ́n á ní Mùsùlùmí kan ló dìde sí iṣẹ́ Olúwa. Bàbá òun àti wòlíì wọn jọ ń kíra wọn láràárọ̀, ìjà ò sí níbẹ̀ rí, kì í ṣe orí eku ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí òun bá sọ fún Ọ̀gá, Ọ̀gá á lọ bá wọn, ọ̀rọ̀ á di tòun náà ni. Òun fẹ́ ta aṣọ sí fèrèsé, ooru ò jẹ́. Òun wá fi sílẹ̀ kó parí.

Mo di kànìnkànìn mú, n kò fọ nǹkan kan mọ́.

Iná. Ìmọ́lẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, lójoojúmọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọpọlọ kì í tú melatónìn sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Èyí ni pé àwọn eku rẹ̀ tó gba omi iyọ̀ lásán kò ní in lára rárá. A ò fún wọn, wọn ò sì rí ti ara wọn tú. Ìdí tí wọ́n fi ṣubú nìyẹn. Tèmi wà nínú òkùnkùn birimù ti yàrá ẹ̀yìn ní gbogbo òru, wọ́n ń rí tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́ lára ara wọn. Ìdí tí wọ́n fi là nìyẹn, wọ́n gba abẹ́rẹ́ melatónìn o, wọn ò gbà á o.

Ariwo ni mo fẹ́ kó dà á láàmú. N kò ro ti iná. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kó iṣẹ́ tó dára jù fún un, mo tún sọ pé nítorí atẹ́gùn ni.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹta

Ṣùgbọ́n mo ti mú un. Òfin Ọ̀gá ni pé kí iná kú ní ìrọ̀lẹ́. Tirẹ̀ ò kú. Iṣẹ́ tó bá ti rú òfin, kò sí ẹni tó ń gbé e lọ sí Ìbàdàn. Tèmi ò dùn wò, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé òfin. Ọ̀la ni n ó sọ fún Ọ̀gá. Mo fọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo lọ̀ ọ́. Mo kọrin bí mo ṣe ń lọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù kẹta

Mo bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéjọbí ní ọ́fíìsì — Ọ̀gá. Mo fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́, bí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ pé òun ní láti sọ ọ́. Mo ní sà, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa, ṣùgbọ́n iná ìsọjí wọ yàrá Raliat ní gbogbo àsìkò yẹn, ó sì mọ̀, kò sọ. Mo ní mo rò pé iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́.

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún. Mo ń dúró kó bínú.

Ó ní, "Yàrá tìẹ ńkọ́?" Mo ní òkùnkùn ni tèmi lálẹ́, sà. Ó ní, "Òkùnkùn pátápátá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bàbá arúgbó tó rí ohun tó ti sọ nù. Ó ní kò bàjẹ́. Ó ní a kàn ń wò ó bóyá oògùn inú ìgò lè gba páńkíríásì là, àfi bí èyí tí Ọlọ́run fi sínú ara eku ṣe wá jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Yàrá kan nínú ìmọ́lẹ̀, yàrá kan nínú òkùnkùn. Ó ní ọ̀kan láìsí èkejì kò já mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí a bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí ẹni tí yóò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní Ìbàdàn. Ó ní kí wọ́n pe Raliat.

Ó wọlé, ó ń fi ìborùn nu ọwọ́. Ọ̀gá ní, ta ló pín yàrá? Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti là tán, kí n kó sínú rẹ̀ ló kù.

Ó ní, "Àǹtí Susannah ni, sà. Àwọn fúnra wọn ló lọ sí ẹ̀yìn níbi tí kò sí atẹ́gùn. Wọ́n ní kí n mú tiwájú." Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Ojú ẹni tó ń dúpẹ́ lójú rẹ̀. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ọ̀gá wá yíjú sí mi. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ìsọjí ń bọ̀ kí n tó pín in? Mo ní mo rí pátákó wọn, sà. Òótọ́ nìyẹn. Ó ní, "O wá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀kan síbi iná, o fi ọ̀kan sínú òkùnkùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ní mo fẹ́ kó dá mi lójú kí n tó sọ.

Ó jáde lẹ́nu mi bí ẹni ń tu itọ́. Ọ̀gá dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, egbò ìka mi ta mí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ò rí ọmọ tó fi ohun tí àdúgbò ní lọ́wọ́ ṣe ìwádìí báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló tan iná fún wa, a ò ra gílóòbù kan. Raliat ní, "Àǹtí, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kẹta

Iléṣà. Mo sọ fún Màmá pé ó ṣeé ṣe kí n lọ òkè òkun. Ó gbàdúrà, ó sunkún, ó dárúkọ Micah. Ó wá ní, "Ọmọ Òṣogbo yẹn ńkọ́? Ẹ jọ ń lọ ni?" Mo ní ẹnì kan ló ń lọ. Ó ní, "Háà. Bá mi kí i pẹ̀lẹ́." Pẹ̀lẹ́ fún un, kò sí kú oríire fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kẹta

Ọ̀gá ti kọ orúkọ sórí iṣẹ́ náà. Tèmi ló ṣáájú, tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ní kí n kọ abala tó sọ nípa bí a ṣe pín yàrá, nítorí èmi ni mo ronú rẹ̀. Mo jókòó ti bébà títí. Mo kọ ọ́. Ó gún régé. Bí mo ṣe ń kà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá èmi náà lójú.

Ọjọ́rú, 24 oṣù kẹta

Ìbàdàn. Èmi ni mo dúró níwájú. Òun ló ń gbé àwòrán sórí ẹ̀rọ fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ti mi orí. Nígbà tí mo dé ibi tí páńkíríásì ti ń jẹ ara rẹ̀, ohùn mi gbọ̀n, wọ́n rò pé ìtara ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbàlagbà kan dìde, ó ní ta ni ó ronú kan iná ṣọ́ọ̀ṣì? Ọ̀gá gbé ọwọ́ mi sókè lójú gbogbo èèyàn.

Mo wá ojú Raliat láàárín wọn. Ó ń kó àwòrán pọ̀ sínú àpò, ó tẹrí ba.

Kò sí owú lọ́kàn mi lónìí. Mo wá a, n kò rí i. Ó dà bí ìgbà tí eyín tó ń ro èèyàn bá jáde tán, tí ahọ́n ń wá ibẹ̀ kiri.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹta

Ọ̀gá ti kéde rẹ̀. Èmi ni. Poland, oṣù kẹsàn-án. Kó tó di ìgbà náà, èmi àti Raliat á tún gbogbo rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú iná tiwa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kẹta

Iléyá. Mo lọ sí ilé wọn ní Òkè-Báálẹ̀, n kò lè ṣàì lọ. Mo wọ léèsì tuntun. Bàbá rẹ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi mí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn àlejò pé ọ̀gá ọmọ òun nìyí. Ìyá rẹ̀ ń bu ẹran.

Raliat ló gbé àwo wá fún mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú oríire o, Àǹtí. Ó ní bàbá òun ti sọ fún gbogbo ẹbí, dé Ìkìrun, dé Ìrágbìjí, pé òun ló ń lọ, láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti pàtẹ́wọ́ fún òun. Òun ti ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí láti sọ fún wọn pé kì í ṣe òun mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, òṣómàáló. Ẹ kì í dìde láìgba tiyín." Àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àwàdà tí gbogbo Òṣogbo ń bá wa ṣe ni. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń wo léèsì mi. Ó wo bàtà mi. Ó wo ọwọ́ mi tí Ọ̀gá gbé sókè ní Ìbàdàn, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Mo mọ bó ṣe ń ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun, àti bí oúnjẹ ẹlòmíì ṣe máa ń dùn kó sì tún bí èèyàn nínú.

Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀, pé ìkà ni mo fi fún un ní yàrá yẹn, kì í ṣe ìwádìí, kì í sì í ṣe atẹ́gùn. Mo la ẹnu. Mo wá rò ó: ṣé ìyẹn á tu ẹnikẹ́ni nínú, kó mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n fi jù ú lọ kò tiẹ̀ tó nǹkan? Bàbá rẹ̀ ní kí n jẹun, ẹran ń tutù. Mo jẹun.

Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìṣe rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òun náà ní ìwé kan nílé bí irú èyí. Bó bá ní in, mo mọ gbogbo ohun tó máa kọ sínú rẹ̀ lónìí, mo lè kà á sórí fún un.